Ìyàwó Bàbá Tó Wà Lẹ́hìn Géètì

Ẹ̀yin ònkàwé mi, ẹ má bínú sí mi bí mo bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi láti orí kásẹ́ẹ̀tì fídíò. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ ìsisìyí kò fojú rí i rí. Àpótí dúdú pẹlẹbẹ kan ni, téèpù ló wà nínú rẹ̀, inú ẹ̀rọ la máa ń kì í bọ̀. Bí ìwà burúkú bá wọ ẹ̀rọ náà lọ́jọ́ kan, á fa téèpù yẹn jẹ bí ewúrẹ́ ṣe ń jẹ ẹ̀fọ́.

Ọdún 1998 ni kásẹ́ẹ̀tì tí mò ń wí dé ilé wa ní Mushin, ọdún tí Abacha kú. Àbúrò ìyá mi tó wà ní Amẹ́ríkà ló fi rán ẹnì kan tó ń bọ̀ wálé. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí ìyá mi kú. Nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì yìí fi máa dé, mo ti pé mẹ́tàdínlógún. Bàbá mi ti fẹ́ ìyàwó mìíràn. Aṣọ òkìrìká ni wọ́n ń tà, wọ́n sì ti bí ìbejì, obìnrin ni méjèèjì. Ìyá Ìbejì ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n, èmi náà sì ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Kí n má purọ́ fún yín: kí n má baà pè wọ́n ní Mọ̀mí ni mo ṣe ń pè wọ́n ní Ìyá Ìbejì.

Ẹ wá wo ọ̀ràn o. Ọmọ òrukàn kan, ìyàwó bàbá kan, ọmọbìnrin méjì. Kí ló tún kù? Kí ló sì wà nínú kásẹ́ẹ̀tì? Cinderella!

Kì í ṣe ti kátúùnù o. Èyí tí àwọn èèyàn gidi ṣe ni, tí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn ABC gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 2, oṣù kọkànlá, ọdún 1997. Nǹkan bí ọgọ́ta mílíọ̀nù èèyàn ló wò ó lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Brandy tí a ti ń gbọ́ orin rẹ̀ lórí rédíò ló jẹ́ Cinderella. Whitney Houston ni iwin rere tó sọ ẹlẹ́gédé di kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin, ó wọ aṣọ tó ń dán bíi wúrà. Ní nǹkan bí ọdún 1993 ni wọ́n ti kọ́kọ́ fẹ́ kí Whitney fúnra rẹ̀ jẹ́ Cinderella. Iṣẹ́ náà falẹ̀ títí, òun alára ní òun ti dàgbà ju ìyẹn lọ, ó sì pe Brandy.

Ohun tó kọ́kọ́ mú mi ni irun Brandy. Wọ́n di í wẹ́wẹ́, irú èyí tí a ń jókòó dì fún odidi ọjọ́ kan ní ṣọ́ọ̀bù onídìrí! Èmi tí mo ti rò pé ẹni tí irun rẹ̀ bá ń fẹ́ lẹ́lẹ́ nìkan ni ọmọ ọba lè fẹ́ nínú ìtàn òyìnbó. Mo fọwọ́ kan orí mi, mo rẹ́rìn-ín.

Ti bàbá mi ni ká gbọ́. Victor Garber tó jẹ́ òyìnbó ni ọba, Whoopi Goldberg ni olorì, ọmọ wọn sì ni Paolo Montalban tí wọ́n bí ní Philippines. Bàbá mi ní kí a dá fídíò dúró.

“Ẹ dúró ná. Òyìnbó yìí ni bàbá, aláwọ̀ dúdú yìí ni ìyá, ọmọ wá jọ ará Ṣáínà?”

Ìyá Ìbejì ní, “Bàbá Ìbejì, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọrin wọn o jàre. Ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ bá wọn sọmọ lórúkọ ni?”

Ṣùgbọ́n mo ti ń sáré jù. Nígbà àkọ́kọ́ tí a wò ó, kò ní àwọ̀ rárá. Ìdí ni pé ọ̀nà tí Amẹ́ríkà ń gbà ya àwòrán sórí téèpù yàtọ̀ sí tiwa. NTSC ni tiwọn, PAL ni tiwa, bíi ti ìlú Gẹ̀ẹ́sì. Àfi ẹ̀rọ tó bá gbọ́ èdè méjèèjì ni ó lè fi í hàn bó ti yẹ. Ẹ̀rọ bàbá mi kò gbọ́ ju ẹyọ kan lọ. Àwòrán á yí gbirigbiri, a ó gbá ẹ̀rọ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́, á dúró, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ á dà bí eérú. Aṣọ tí Cinderella wọ̀ lọ sí ààfin, eérú. Whitney nínú wúrà rẹ̀, eérú. Táíwò béèrè pé, “Àǹtí, ṣé ilé wọn ń jóná ni?”

Nígbà tí mo di oníwèé ìròyìn ni mo tó mọ̀ pé kò ṣe àwa nìkan. Richard Rodgers àti Oscar Hammerstein dìídì kọ Cinderella yìí fún tẹlifíṣàn ni, òun nìkan sì ni wọ́n kọ fún un. Ilé-iṣẹ́ CBS ló kọ́kọ́ gbé e jáde ní ọjọ́ 31, oṣù kẹta, ọdún 1957. Julie Andrews ni Cinderella. Ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é tí ayé ń wò ó, pẹ̀lú àwọ̀ mèremère, àwọn tó wò ó sì ju ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù lọ. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi máa mọ́, ó ti tán. Ohun tó kù nìkan ni èyí tí wọ́n fi kámẹ́rà yà láti ojú tẹlifíṣàn, dúdú àti funfun. Ọdún 2004 ni wọ́n tó tẹ ìyẹn sórí DVD fún títà. Ó ti pé ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta! Wọ́n ti tún un ṣe ní 1965, Lesley Ann Warren ló jẹ́ Cinderella nígbà yẹn, kó tó wá kan Brandy.

Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́hìn náà, mo ti ibi ẹ̀kọ́ JAMB dé lọ́sàn-án Sátidé kan, mo bá àwọn ìbejì níwájú tẹlifíṣàn, wọ́n la ẹnu sílẹ̀. Aṣọ Cinderella ti di búlúù! Búlúù fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, bí ojú ọ̀run lẹ́hìn òjò. Ẹnì kan ti gbé kásẹ́ẹ̀tì lọ sọ́dọ̀ àwọn onífídíò, wọ́n ti dà á kọ sórí òmíràn tí ẹ̀rọ wa gbọ́. Mo ní bàbá mi ni. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn nígbà tí wọ́n dé, wọ́n ní “Ẹn-ẹn”, wọ́n kọjá lọ. Epo pẹtiróòlù ni wọ́n ń wá kiri nígbà náà, ọkàn wọn kò sí nílé.

Láti ọjọ́ yẹn, ojoojúmọ́ tí NEPA bá mú iná wá ni mò ń wò ó. Ibi tí mo fẹ́ràn jù, ojú ń tì mí láti sọ ọ́. Kì í ṣe ijó ààfin. Ìparí ni, nígbà tí Cinderella ti di ìyàwó ọmọ ọba, tí wọ́n pa géètì ààfin dé mọ́ ìyàwó bàbá rẹ̀ àti àwọn ọmọ méjèèjì síta. Bernadette Peters ló ṣe ìyàwó bàbá yẹn, obìnrin tó mọ ẹnu í dá.

Lọ́jọ́ kan, géètì yẹn pa dé, mo pàtẹ́wọ́. Mo ní, “Ó tó bẹ́ẹ̀! Báyìí ni kí gbogbo ìyàwó bàbá parí sí!”

Ìyá Ìbejì wà lẹ́hìn mi, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà nínú àtẹ. Mo gbọ́ tí ọwọ́ wọn dúró. Lẹ́hìn náà ni mo tún gbọ́ ẹ̀wà, kóró, kóró.

Wọ́n ní, “Táíwò, Kẹ́hìndé, ẹ lọ wẹ̀.”

Ó parí. Wọn kò fẹjọ́ mi sun bàbá mi, wọn kò sì dín ẹran ọbẹ̀ mi kù. Ẹ ó máa bi mí pé kí ni obìnrin yìí ṣe fún mi gan-an. Wọn kò ṣe nǹkankan. Wọ́n máa ń bá mi wí bí mo bá jẹ́ kí ìrẹsì jóná. Ìyá wo ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀? Ẹ̀ṣẹ̀ wọn kò ju pé wọn kì í ṣe ìyá mi lọ. Àlọ́ tí a sì gbọ́ ní kékeré kò ràn wọ́n lọ́wọ́, ṣebí ìyàwó bàbá ló máa ń rán ọmọ orogún lọ sódò tí ẹnikẹ́ni kì í lọ tó bọ̀.

Aládùúgbò kan yá kásẹ́ẹ̀tì yẹn ní 2000, ó sì kó kúrò ládùúgbò pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo wá a! Mo dé Alábà, mo dé Ojúẹlẹ́gba. Bí mo bá ti dárúkọ Cinderella, ti kátúùnù ni wọ́n máa ń fà lé mi lọ́wọ́. Nígbà tí Whitney kú ní ọjọ́ 11, oṣù kejì, ọdún 2012, mo tún bẹ̀rẹ̀ sí wá a bí ẹni tí nǹkan sọnù mọ́ lọ́wọ́ lánàá. Bàbá mi ti kú nígbà yẹn. Ní Amẹ́ríkà pàápàá, ọjọ́ 12, oṣù kejì, ọdún 2021 ni wọ́n tó gbé e sórí Disney+.

Táíwò ló mú un wálé ní Kérésìmesì ọdún 2022, nínú tábúlẹ́ẹ̀tì rẹ̀. A jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì Ìyá Ìbejì ní Ìkòròdú, àwa mẹ́rin, tábúlẹ́ẹ̀tì fẹ̀yìn ti ìrọ̀rí. Wọ́n ti ń fi gíláàsì wo nǹkan báyìí. Nígbà tí aṣọ búlúù jáde, wọ́n rẹ́rìn-ín.

“Owó àjọ mi ló lọ sórí aṣọ yìí.”

Mo ní, “Àjọ bí i ti báwo?”

“Ta lo rò pé ó lọ dà á kọ? Bàbá yín tó ń wá epo? Mo rí bó o ṣe ń gbá ẹ̀rọ yẹn lójoojúmọ́, mo ní kó má lọ fọ́ ọ.”

Ọdún mẹ́rìnlélógún. Mi ò rí ọ̀rọ̀ sọ. Kẹ́hìndé ń wo ojú mi, mo ṣe bí ẹni ń tún ìrọ̀rí ṣe.

A wò ó títí a fi dé ibi géètì. Ó pa dé. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́.

Ìyá Ìbejì ní, “Ibí yìí lo ti sọ̀rọ̀ yẹn.”

“Mo rò pé ẹ ò gbọ́ ni.”

“Etí mi ò tíì di nígbà yẹn.” Wọ́n yọ gíláàsì wọn, wọ́n fi etí ìró nù ún. “Wọn ò kúkú bi obìnrin yẹn ní nǹkankan. Bó ṣe di opó, bó ṣe ń bọ́ ọmọ mẹ́ta, kò sẹ́ni tó bi í. Géètì ṣá ni.”

Mo ní, “Mọ̀mí, ṣé kí n dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀?”

Wọ́n ní kí n fi í sílẹ̀, Whitney kò tíì kọrin tán.