Ọmọ tó ń sùn ní kíláàsì

Ṣé ẹ jí ire?

Gbogbo wa la máa ń bi ara wa ní ìbéèrè yìí láàárọ̀, ṣùgbọ́n ta ló ń dúró gbọ́ èsì? "A dúpẹ́" ti wà lẹ́nu wa kí onítọ̀hún tó béèrè tán. Àwa tí à ń kọ́ ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, nǹkan bí aago mẹ́wàá ni èsì náà máa ń dé ọ̀dọ̀ wa, nígbà tí orí àwọn ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í já lé tábìlì lọ́kọ̀ọ̀kan.

Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, ọmọbìnrin kan wà ní CM2 wa tó ń sùn lójoojúmọ́. Bí a bá ti ń ṣe ìṣirò lójú pátákó, á ti gbé orí lé apá, ẹnu á sì yà. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti sọ ọ́ ní Olóorun. Lọ́jọ́ kan bàbá rẹ̀ wá bá wa, ó ní òun fẹ́ mú ọmọ òun kúrò kó lọ kọ́ iṣẹ́ aránṣọ. "Ẹ̀yin tíṣà, ẹ má bínú. Orí ọmọ yìí ò gba ìwé. Ọ̀lẹ ni." Ìdánwò CEP ku oṣù mẹ́rin.

A bi í pé aago mélòó ni ọmọ ń sùn. Ó ní ká bi ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ mọ̀ ọ́n dáadáa. Aago mẹ́rin ìdájí ni ọmọ ń jí láti bá a ṣètò àkàrà, kí wọ́n lè dé ẹ̀bá ọ̀nà kí àwọn ọlọ́kọ̀ tó kọjá. Lálẹ́, tí wọ́n bá fi máa fọ abọ́ tán, tí wọ́n bá rẹ ẹ̀wà ọjọ́ kejì, aago mọ́kànlá ti lù. Wákàtí márùn-ún nìyẹn.

Àwọn dókítà tó mọ̀ nípa oorun sọ pé ọmọ ọdún 6 sí 12 nílò wákàtí 9 sí 12 láàárín ọ̀sán àti òru. Ọmọ ọdún 13 sí 18 nílò 8 sí 10. Àgbàlagbà nílò 7, ó kéré tán. Ẹ jẹ́ ká ṣe é bí ìṣirò CM2. Ọmọ yìí yẹ kó sun 9, ó sun 5, ó ku 4. Láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, 4 lọ́nà 5 jẹ́ 20. Ó ju òru méjì gbáko lọ. Ta ni nínú wa tí yóò pàdánù òru méjì lọ́sẹ̀ kan, tí yóò ṣì mọ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́jọ?

A ò bá ìyá jà. Owó àkàrà yẹn ni wọ́n fi ń ra ìwé. Ṣùgbọ́n nígbà tí a jọ sọ̀rọ̀ dáadáa, ó hàn pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin wà nínú ilé kan náà tó ń sùn títí di aago méje, tẹ́nikẹ́ni ò pè é sí ìdí ẹ̀wà rí, torí pé ọkùnrin ni. Wọ́n pín iṣẹ́ náà sí méjì. Ọmọbìnrin yìí bẹ̀rẹ̀ sí í sùn ní aago mẹ́sàn-án. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ojú rẹ̀ tó là gan-an. Ó ṣe CEP lọ́dún yẹn, ó sì yege.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú orí ẹni tó sùn ló yẹ ká mọ̀. Oorun ní ìpele, ìpele náà sì ń yí po ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 90 sí 90. Ìbẹ̀rẹ̀ òru ni oorun àsùnwọra pọ̀ sí. Ìgbà yẹn ni ara ọmọ ń tú ohun tó ń mú un dàgbà jáde jù. Apá ìparí òru, títí di ìdájí, ni àlá pọ̀ sí. Ohun tí ọmọ kọ́ lọ́sàn-án, òru ni ọpọlọ ń tò ó sí àyè rẹ̀. Nítorí náà, ọmọ tí a jí ní aago mẹ́rin, apá tí àlá pọ̀ sí yẹn gan-an la gé kúrò nínú oorun rẹ̀.

Lọ́dún 1959, Michel Jouvet, onímọ̀ ará Faransé tó ń ṣiṣẹ́ ní Lyon, fún oorun alálàá yìí ní orúkọ: sommeil paradoxal. (Faransé ni wọ́n fi kọ́ wa níṣẹ́ olùkọ́, ìdí nìyẹn tó fi yá lẹ́nu wa báyìí. Ẹ bá wa wá Yorùbá tó yẹ ẹ́ o.) Ohun tó yà á lẹ́nu ni pé nínú oorun yìí, ọpọlọ ń ṣiṣẹ́ bí ẹni tó jí, ṣùgbọ́n gbogbo iṣan ara rọ jọwọrọ bí ẹni tí wọ́n dè. Ó ba ibi kékeré tó ń de iṣan yìí jẹ́ nínú ọpọlọ ológbò. Ológbò náà ń sùn, síbẹ̀ ó dìde, ó ń bá ohun tí kò sí níbẹ̀ jà, ó ń ṣe bí ẹni ń dọdẹ.

Ọ̀rọ̀ ológbò yìí kan ohun kan tí à ń sọ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ nílé wa. Ènìyàn á jí lóru, ojú rẹ̀ á là, á máa rí òrùlé, ṣùgbọ́n ọwọ́ ò ní gbé, ẹsẹ̀ ò ní gbé, ohùn ò ní jáde. Á dà bíi pé ẹnì kan jókòó lé e láyà. Àwọn kan ń pè é ní ogun òru. Àwọn mìíràn, kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti dárúkọ ìyá àgbà kan ládùúgbò. A mọ ilé tí wọn ò ti kí ìyá àgbà kan mọ́ nítorí irú oorun bẹ́ẹ̀. Títí ìyá náà fi kú, òun nìkan ló ń dáná fún ara rẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ọpọlọ jí kí ìdè iṣan tó tú. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ sí ìṣẹ́jú mélòó kan ni, á sì tú fúnra rẹ̀. Ẹni tí kò sùn tó, ẹni tí àkókò oorun rẹ̀ ń yí padà ṣáá, àti ẹni tó ń sùn fẹ̀yìn lélẹ̀ ló sábà máa ń ṣe. A ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìgbàgbọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kí a tó dárúkọ ìyá ẹnì kan, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ béèrè iye wákàtí tí onítọ̀hún sùn lọ́sẹ̀ yẹn.

Ọmọ mìíràn tún wà, ọmọkùnrin CE2. Tiẹ̀ yàtọ̀. Aago mẹ́jọ ló ń sùn, aago mẹ́fà ló ń jí, síbẹ̀ ó ń tòògbé. Ìyá àgbà rẹ̀ fi ẹ̀rín sọ fún wa pé ó ń hanrun bíi bàbá àgbà rẹ̀, pé ọkùnrin gidi ni. A bi í bóyá èémí ọmọ máa ń dúró láàárín ìhanrun náà. Ẹ̀rín náà tán. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó máa ń dákẹ́ lójijì, òun á máa wò ó, lẹ́yìn náà á mí gùù bí ẹni tó yọrí nínú omi. Ó ṣì ń tọ̀ sórí ẹní pẹ̀lú.

Àìsàn nìyẹn. Wọ́n ń pè é ní apnée du sommeil. Nínú ọmọdé, ohun tó sábà máa ń fà á ni àwọn ẹran kékeré inú ọ̀fun àti ẹ̀yìn imú tó wú, tó wá ń dí ọ̀nà èémí nígbà tí ọmọ bá sùn. Ọmọ náà ń jí díẹ̀díẹ̀ ní gbogbo òru láìmọ̀. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kí wọ́n fi í hàn dókítà ọ̀fun àti imú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi abẹ gé ọ̀fun ọmọ lábúlé. Ibi tí wọ́n ń gé kọ́ ló ń dí i, ẹ̀jẹ̀ sì lè má dá. Ti ọmọ tí à ń sọ yìí, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ṣe fún un, ó sì bọ́ nínú rẹ̀.

Àgbàlagbà náà ń ní in, pàápàá ẹni tó sanra tí ọrùn rẹ̀ kì, ó sì máa ń bá ẹ̀jẹ̀ ríru rìn. Ẹni tó ń hanrun kì í gbọ́ ara rẹ̀. Ẹ̀yin ìyàwó, ẹ̀yin ọkọ, ẹ̀yin ni ẹlẹ́rìí.

Àwọn tó wà lójú ọ̀nà ńkọ́? Lọ́dún 1997, Dawson àti Reid fi hàn ní Australia pé ẹni tó ti wà lójúfò fún wákàtí 17, ọwọ́ àti ojú rẹ̀ ń ṣe bíi ti ẹni tí ọtí inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó gíráàmù 0,5 nínú lítà kan. Ẹni tó gun zémidjan rẹ̀ láti aago márùn-ún ìdájí, tó bá di aago mẹ́wàá alẹ́, ó ti pé 17. Obì tó ń jẹ kì í san gbèsè náà. Ó kàn ń bò ó mọ́lẹ̀.

Ní èdè wa, àìsùn kan náà là ń pe ti ẹni tí oorun kọ̀ àti ti òkú. Àwọn bàbá wa ń ṣe àìsùn. Òru Ẹ̀fẹ̀ nínú Gẹ̀lẹ̀dẹ́, títí ilẹ̀ á fi mọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó ní àkókò tirẹ̀ lọ́dún. Ti ìsìnyí, gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ ni ẹ̀rọ gbohùngbohùn òkú ń ké lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé àwọn ọmọ tó máa ṣe ìdánwò.

Àwọn ọmọ BAC ní tiwọn gbà pé nuit blanche ni ìwé. Ara ọ̀dọ́ fúnra rẹ̀ ń sún oorun síwájú, a mọ̀. Iná pọ́tábù tún ń tì í síwájú sí i. Ọmọ ọdún 17 kan ní Amẹ́ríkà, Randy Gardner, wà lójúfò fún wákàtí 264 nígbà tí ọdún 1963 ń di 1964. Kí ó tó parí, ó ń rí ohun tí kò sí, ìrántí rẹ̀ sì ti ń já. Ẹ sọ ìyẹn fún wọn.

Ẹni tí oorun kọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, tó ti pé oṣù mẹ́ta, kó lọ rí dókítà, kó má ra oògùn ẹ̀bá ọ̀nà. Aboyún tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rìn yìnyìn lálẹ́ tí kò jẹ́ kó sùn, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Àìtó irin nínú ẹ̀jẹ̀ lè fà á. Àìsàn oorun tí eṣinṣin tsé-tsé ń fà ní tirẹ̀ yàtọ̀ sí gbogbo èyí; OMS ti jẹ́rìí sí i pé kò jẹ́ ìṣòro ìlera ìlú mọ́, ní Togo lọ́dún 2020, ní Benin lọ́dún 2021.

Ní ilé ẹ̀kọ́ wa, àwọn ọmọ tí ilé wọn jìn kì í lọ ilé ní ọ̀sán. Àwọn ìyá kó ẹní wá, a sì ṣí kíláàsì kan sílẹ̀ fún wọn. Wákàtí kan ni wọ́n ń sùn, a kì í jẹ́ kó ju bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n lè sùn lálẹ́. Ewúrẹ́ ni ìṣòro wa báyìí, torí ilẹ̀kùn kíláàsì náà ti bàjẹ́. Ẹ̀yin tí ilé ẹ̀kọ́ yín ní Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí Àjàṣẹ́ bá ń ṣe irú rẹ̀, ẹ sọ fún wa bí ẹ ṣe ń ṣe é.