Ó Ku Mẹ́rin Kó Pé Ogún

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ kan ta sí mi létí láìpẹ́ yìí. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 8, ń ṣeré pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀ lábẹ́ fèrèsé. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ bi í pé, "Kí ló dé tí màmá ẹ kì í lọ sọ́jà mọ́?" Ó dáhùn wẹ́rẹ́ pé, "Màmá mi ti ya ọ̀lẹ."

Mo ti nawọ́ sí pàṣán kí n tó rántí ẹni tó kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ náà. Èmi ni. Ọ̀lẹ ni mò ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin láràárọ̀, bó bá ti sùn kọjá aago mẹ́fà. Ohun tí mo gbìn ló hù.

Ẹni tó bá mọ Ọ̀wẹnà mọ̀ pé ọjà ọ̀gẹ̀dẹ̀ wa kò gba ìfàsẹ́yìn. Kí ọkọ̀ Àkúrẹ́ tàbí ti Oǹdó tó dúró dáadáa, ìyá kan ti gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ dé ojú fèrèsé rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi wà lára àwọn ìyá bẹ́ẹ̀, títí ọ̀kadà fi gbé mi ṣubú, tí mo fi orúnkún ṣèṣe. Mo jókòó sílé fún oṣù mẹ́ta, mo sì ń sanra. Àwọn èèyàn ń yìn mí pé ìsinmi bá mi lára mu. Àmọ́ òtútù ń mú mi nínú oòrùn ọ̀sán, irun mi ń re, oorun kò sì tán lójú mi. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló tú àṣírí: thyroid mi ń ṣiṣẹ́ lọ́ra.

Thyroid ni ẹ̀yà ara kékeré tó rí bíi labalábá níwájú ọ̀fun. Òun ló máa ń wú tí a fi ń sọ pé èèyàn yọ gẹ̀gẹ̀. Họ́mọ́ònù tó ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ ló ń sọ fún ara bí yóò ṣe yára lo oúnjẹ tó. Bí kò bá tó, iná ara á rẹlẹ̀. Dókítà fún mi ní oògùn tí mò ń fi omi lásán lò láàárọ̀, ìṣẹ́jú 30 sí 60 kí n tó jẹun. Ó kìlọ̀ pé n kò gbọdọ̀ lò ó ju ìwọ̀n lọ kí n lè tètè fọn, torí ó lè pa ọkàn lára. Ó tún sọ òótọ́ kan tí kò dùn mọ́ mi: ohun tí thyroid tó lọ́ra sábà máa ń fi kún ara kò ju kílò 2 sí 5 lọ, omi àti iyọ̀ ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ìyókù, ẹ̀bà àti ìjókòó ni.

Ni mo bá ní mo fẹ́ lọ máa gun Òkè Ìdànrè, àtẹ̀gùn tó lé ní 600. Ẹni tó ń tọ́jú ẹsẹ̀ mi rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn ará Ìdànrè fúnra wọn ti sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè láti 1923, kí lèmi ń wá lọ síbẹ̀? Orúnkún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jinná kò fẹ́ àtẹ̀gùn, kò fẹ́ fífò. Kí n máa rìn lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa ṣe eré ìdárayá fún ìṣẹ́jú 150 ó kéré tán lọ́sẹ̀; kò ní ká kó gbogbo rẹ̀ jọ sọ́jọ́ kan. Bí orúnkún bá wú, tàbí tó dùn mí lọ́jọ́ kejì ju ti àná lọ, mo ti ṣe é jù nìyẹn. Kílò kan tó bá sì kúrò lára mi, bíi kílò mẹ́rin ló fi ń fúyẹ́ fún orúnkún ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Eré ìdárayá kejì, lẹ́yìn ìrìn, ni ìjókòó-dìde. Mo fẹ̀yìn àga ti ògiri, mo ká ọwọ́ mọ́ àyà, mo dìde, mo tún rọra jókòó láìjẹ́ kí ìdí mi já lu àga. Mo pe ọmọ mi kó wá máa bá mi kà á. Ó bẹ̀rẹ̀ lédè Òyìnbó, mo ní kó ka tiwa. Ení, èjì, ẹ̀ta. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ̀fà ni itan mi ti ń gbọ̀n. Ó wò mí, ó ní, "Màmá, ṣé ó ń dùn yín ni?"

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, a dé ẹẹ́rìndínlógún. Ẹ tẹ́tí sí ìṣirò Yorùbá dáadáa: bó bá ti kọjá ẹẹ́rìnlá, kó tó dé ogún, kì í ka ohun tí a ti ṣe mọ́, ohun tó kù ló ń kà. Ẹẹ́rìndínlógún: ó ku mẹ́rin kó pé ogún. Ó ti rẹ̀ mí, ṣùgbọ́n ọmọ tó pè mí ní ọ̀lẹ ló ń sọ fún mi pé ó kù díẹ̀.

Kílò mẹ́ta péré ló tíì lọ. Mo ti padà sọ́jà, mò ń jókòó sun bọ̀ọ̀lì. Lálẹ́ ọjọ́ tí a dé ogún, mo bi ọmọ mi obìnrin ní irú ìbéèrè tí àbúrò rẹ̀ bi mí: kí ló ń ṣe é tí oorun fi ń gbé e lọ láàárọ̀? Iṣẹ́ ilé tí èmi kò lè ṣe mọ́ ló ń ṣe títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Òru ló fi ń kàwé.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó pe ọmọ tàbí àgbà ní ọ̀lẹ, ẹ kọ́kọ́ bi í pé kí ló ń ṣe é.