Ojú Irin Kò Dé Kétu

Dánfó àti BRT ni àwa ará Kétu fi ń rìn. Bí mo bá fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú irin, Òṣòdì tàbí Agége ni mo ń lọ.

Ibùdókọ̀ Agége ló fi hàn mí bí ojú irin ṣe ń mú ìlú gbòòrò. Ọdún 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ojú irin láti Èkó. Ní 1901, ó ti dé Ìbàdàn. Àwọn àgbẹ̀ bíi J. K. Coker gbin kòkó àti obì sí Agége, ọkọ̀ ojú irin sì ń kó obì lọ sí Òkè Ọya. Láti oṣù kẹwàá 2024, Red Line náà ń kó èrò níbẹ̀, láti Agbádó dé Òyìngbò, láìsí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ.

Ìyá mi ń ta tòmátì ní Mile 12. Tírélà ló ń gbé e bọ̀ láti Òkè Ọya. Bí ọkọ̀ bá pẹ́ lọ́nà, ìdajì apẹ̀rẹ̀ á ti rà, owó iléèwé wa ló sì bá a lọ.

Ojú irin tó gbé obì lọ lè gbé tòmátì bọ̀. Ẹ̀yin aláṣẹ, ẹ rántí Kóṣòfẹ́.