Ẹ́ńjìnnì Inú Ọkọ̀ Bàbá Mi

Ìjàpá ni a ń pe irú ọkọ̀ tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún wa ní Ìbà, nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ tí ó rí rogodo. Ní ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ Volkswagen pọ̀ ní Ọ̀jọ́, lẹ́bàá ọ̀nà Àgbádárìgì. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì Ìjàpá wà. Afẹ́fẹ́ ni ó sì ń mú un tutù, kì í ṣe omi.

Nígbà tí ẹ́ńjìnnì náà kú, ìyá mi kò jẹ́ kí a ta ọkọ̀ náà. Mo ra ẹ́ńjìnnì àlòkù kan ní ọjà Ládípọ̀, mo sì pe àgbà mẹkáníìkì kan wá sí àgbàlá wa. Ó fi jáàkì gbé ìdí ọkọ̀ sókè, a sì ti ẹ́ńjìnnì sí abẹ́ rẹ̀. Bóòtì mẹ́rin péré ni yóò so ó mọ́ gíà, ṣùgbọ́n ó ku bí ìbú ìka kan kí wọ́n pàdé. Mo ní kí a fi bóòtì fà á wọlé tipátipá.

Bàbá náà dáhùn pé, “Ọmọ mi, bí o bá fagbára fà á, àwo kílọ́ọ̀ṣì yóò tẹ̀.”

A tún fa ẹ́ńjìnnì jáde. Ó tú kílọ́ọ̀ṣì, ó to àwo rẹ̀ sí àárín gbùngbùn. Lẹ́yìn èyí ni ẹ́ńjìnnì wọlé wẹ́rẹ́.

Bí ọkọ̀ ti dún, ìyá mi jáde láti ilé ìdáná, ó sì lọ ṣí géètì, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń ṣe nígbà tí bàbá mi wà láyé.

Òótọ́ ni pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.