Ọjọ́ Tirẹ̀, Ọjọ́ Tèmi

Ó lé ní ọdún kan tí mo fi lẹ bébà kan mọ́ ara fíríìjì wa ní ìlú Leeds. Ọjọ́ méjì péré ni mo kọ sí i: 9 oṣù kọkànlá ọdún 2024, ọjọ́ ọkọ mi, 14 oṣù kọkànlá ọdún 2025, ọjọ́ tèmi. Àwọn àlejò a máa rò pé ọjọ́ ìbí ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọjọ́ tí ọdún márùn-ún olúkúlùkù wa yóò pé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, tí a ó sì tó ẹni tí ń béèrè fún ìwé ìgbélùú tí kò lọ́jọ́ ìparí, èyí tí àwọn ènìyàn wa ń pè ní Indefinite.

Iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ ni ó bẹ̀rẹ̀ àlàfo tí ó wà láàárín ọjọ́ méjèèjì. Oṣù kẹwàá ọdún 2019 ni a ṣe ìgbéyàwó. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni ọkọ mi ń ṣe. Agbanisíṣẹ́ kan gbà á níhìn-ín, ó sì wọ ọkọ̀ òfurufú ní oṣù tí ó tẹ̀lé e. Èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè nínú ìmọ̀ Yorùbá ni, mo sì kọ̀ jálẹ̀ pé n kò ní lọ láìsin ilẹ̀ baba mi tán. Kí n tó bọ́ aṣọ káàkí, àrùn Kòrónà ti mú kí wọ́n ti pápákọ̀ òfurufú. Oṣù kọkànlá ọdún 2020 ni mo tó fojú kan ọkọ mi. N kò mọ̀ pé ọdún kan náà yóò padà wá béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ wa.

Ohun tí ọ̀pọ̀ tọkọtaya kò mọ̀ ni pé òfin kì í fi ọdún ọkọ kún ti aya. Nígbà tiwa, ẹni tí ó wá ṣiṣẹ́ yóò lo ọdún márùn-ún. Ẹni tí ó tẹ̀lé e wá, tí ìwé rẹ̀ so mọ́ ti ẹni àkọ́kọ́, yóò lo ọdún márùn-ún tirẹ̀ náà. Bí ó bá ku ọjọ́ 28 kí ó pé, a lè kọ̀wé. Ẹni tí ó bá kánjú ju bẹ́ẹ̀ lọ lè pàdánù owó rẹ̀. Láàárín oṣù méjìlá èyíkéyìí, ènìyàn kò gbọdọ̀ lò ju ọjọ́ 180 lọ lẹ́yìn odi.

Físà àwa méjèèjì kò ní parí títí di oṣù kejìlá ọdún 2025. Nítorí náà, ọ̀nà méjì ni ó wà nílẹ̀. Ọkọ mi lè dúró dè mí fún ọdún kan, kí a jọ kọ̀wé lẹ́ẹ̀kan náà. Ó sì lè kọ̀wé tirẹ̀ lọ́dún 2024, kí n máa bọ̀ lẹ́yìn. Kí a jọ dúró ni mo fẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni Màámi fẹ́. Ó ní lórí fóònù pé, “Ìwọ ọmọ yìí, kí ló ń lé e? Ṣé o ti gbàgbé ìyá ìbejì àdúgbò wa, tí ọkọ rẹ̀ gba ìwé tán tí kò bojú wẹ̀yìn mọ́?”

Mo fi rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n oorun kò kùn mí lóru ọjọ́ náà. Kì í ṣe pé n kò gbẹ́kẹ̀ lé ọkọ mi. Ohun tí ń dùn mí ni pé nínú gbogbo fọ́ọ̀mù tí a ti kọ láti ọdún yìí wá, ẹni tí ń gbára lé ẹlòmíràn ni wọ́n ń pè mí. Ó dà bí ẹni pé bí òun bá kúrò níbẹ̀, èmi nìkan ni yóò kù tí n ó máa jẹ́ orúkọ náà.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, a rí i pé mo ti lóyún. Oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025 ni dókítà dá fún wa. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ọkọ mi jókòó tì mí ní ilé ìdáná.

“Àdùkẹ́, gbọ́ mi. Èmi lè dúró dè ọ́, ṣùgbọ́n ọmọ kò ní dúró dè wá.”

Òótọ́ ni ó sọ. Bí ọ̀kan nínú òbí bá ti gba ìwé yìí kí a tó bí ọmọ síhìn-ín, ọmọ ìlú ni ọmọ náà láti ọjọ́ ìbí rẹ̀. Bí a bá bí i kí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó gbà á, kò rí bẹ́ẹ̀. Wọn yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn náà, owó rẹ̀ nígbà náà sì lé ní £1,000. Ọkọ mi tún fi kún un pé, “Iṣẹ́ mi ni físà àwa méjèèjì so mọ́. Bí iṣẹ́ náà bá bọ́ láàárín ọdún kan tí a fi ń dúró ńkọ́?”

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Mo ní, “Ẹ máa lọ.”

Ní àárín oṣù kẹwàá, ó san £2,885. Ìdáhùn lè gbà tó oṣù mẹ́fà, oyún sì ti wọ oṣù keje, nítorí náà a tún fi £1,000 lé e kí wọ́n lè tètè dáhùn. Owó àjọ tí a fẹ́ fi ra ọkọ̀ ni a ná. Lọ́jọ́ kejì tí ó lọ tẹ̀ka, ìdáhùn dé sórí fóònù rẹ̀. Ẹ̀fọ́ ni mo ń gé lọ́wọ́. Kò jó, kò pariwo. Ó lọ síbi fíríìjì, ó fa ìlà gba orí ọjọ́ tirẹ̀ kọjá, ó sì fi bírò yí tèmi ká. Ó ní, “Ó ku tìrẹ.”

A bí ọmọbìnrin wa ní oṣù kìn-ín-ní. Ní 12 oṣù karùn-ún ọdún 2025, mo ń fún un lọ́mú nígbà tí mo kà á pé ìjọba ti gbé ìwé àbá kan jáde pé kí ọdún márùn-ún di mẹ́wàá. Oṣù mẹ́fà ni ó kù fún mi. Àwọn àgbà ní àbá ni ikán ń dá, ikán kò lè mu òkúta. Ṣùgbọ́n ta ni ó fi dá mi lójú pé òkúta ni mí? Ọjọ́ náà ni mo tó mọ rírì ohun tí a ṣe. Ká ní a jọ dúró ni, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ì bá máa gbọ̀n. Nísinsìnyí, èmi nìkan ni àyà mi ń já, àwọn méjì sì wà lórí ilẹ̀ tó le.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ mọ́. Mo tú ìwé ìrìnnà mi wò, mo ka ọjọ́ tí mo lò nílé nígbà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún Màámi lọ́dún 2023: ọjọ́ 77, láìka ọjọ́ tí mo lọ àti ọjọ́ tí mo dé. Mo ṣe ìdánwò nípa ìgbésí ayé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: ìbéèrè 24 ní ìṣẹ́jú 45, ẹni tí ó bá gba 18 ti yege. Èyí tí ó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí ó fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kẹ́kọ̀ọ́ gboyè lè fi oyè rẹ̀ ṣe ẹ̀rí. Èdè Yorùbá ni èmi fi kọ́ Yorùbá! Mo gba kámú, mo lọ jókòó síwájú olùdánwò, mo sì sọ Gẹ̀ẹ́sì títí ó fi tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Àbá náà kò tíì di òfin nígbà tí 17 oṣù kẹwàá pé, tí ó ku ọjọ́ 28 géérégé. Ọjọ́ náà ni mo kọ̀wé. Owó ti di £3,029, n kò sì fi kọ́bọ̀ kan lé e fún ìkánjú. Ní oṣù kejìlá, ìdáhùn dé. Mo pe Màámi. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, “Ọkọ rẹ gbìyànjú. Ẹ gbé ọmọ mi wá kí n rí i.”

Ẹ̀yin tọkọtaya tí ẹ wà lẹ́nu rẹ̀, ìka kò dọ́gba. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni ó wà láàárín yín, tí kò sí oyún, tí iṣẹ́ sì dúró ṣinṣin, ó lè dára kí ẹ jọ lọ. Bí ẹ bá sì kó ọmọ wá láti ilé, ẹ rántí pé lọ́pọ̀ ìgbà, ìwé ọmọ náà kì í jáde àfi bí ti òbí méjèèjì bá jáde. Ṣùgbọ́n ẹ kọ ọjọ́ méjèèjì sílẹ̀, ẹ ka ohun tí ìjọba kọ fúnra yín, nítorí pé òfin ń yí padà, kí ẹ sì sọ ohun tí ń bà yín lẹ́rù fún ara yín kí ará àdúgbò tó bá yín sọ ọ́.

Mo ti yọ bébà náà kúrò. Ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ wa ni ó wà níbẹ̀ báyìí. Yóò pé ọmọ ọdún kan lóṣù tí ń bọ̀.