Ìjà Àgbákò ní Ìsọ̀ Aránṣọ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí ó bá ń dun ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Ẹni tí ó bá gbọ́ iye ìgbà tí Bàbá Aránṣọ ń dárúkọ Àgbákò ní ìsọ̀ rẹ̀ ní Mákùn, ní ìlú Ṣágámù, yóò rò pé ìtàn inú ìwé ni ó dùn mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀. Ó pẹ́ kí ó tó yé àwọn tí ń bá a jiyàn pé ohun kan wà tí ń dun bàbá náà, àti pé ọ̀tọ̀ ni ohun náà sí ohun tí ó ń dùn mọ́ ọn.

Ìsọ̀ náà kò tóbi. Ẹ̀rọ ìránṣọ kan, tábìlì kan tí a fi ń gé aṣọ, àti bẹ́ǹṣì gígùn kan ní ẹnu ọ̀nà ni gbogbo ohun tí ó wà níbẹ̀. Ní òdì kejì títì ni Ìyá Olóbì máa ń jókòó sí, tí yóò máa ṣa gbànja rẹ̀, èyí tí kòkòrò ti jẹ lọ́tọ̀, èyí tí ara rẹ̀ dá lọ́tọ̀, títí àwọn tí ń kó obì lọ sí Òkè Ọya yóò fi dé. Títì náà kò fẹ̀. Nítorí náà kò sí ọ̀rọ̀ tí a sọ lórí bẹ́ǹṣì náà tí kì í dé etí ìyá yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í sábà dá sí i.

Bàbá Aránṣọ, Ìyá Olóbì, àti Bàbá Tíṣà tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ọdún kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1955 ni, nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ bíbí Ìkẹ́nnẹ́, jẹ́ olórí rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ àgbẹ̀ àti ọmọ olóbì ni ó tipa bẹ́ẹ̀ mọ ìwé kà ní ilẹ̀ Rẹ́mọ. Kò sì sí ìwé tí ó dùn mọ́ àwọn mẹ́ta yìí bí Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, èyí tí D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó, kọ, tí ó sì kọ́kọ́ jáde ní 1938. Bí olùkọ́ bá ń kà á sókè lọ́sàn-án, kíláàsì a pa lọ́lọ́. Kí wọ́n tó jáde ìwé mẹ́fà, wọ́n ti ka Igbó Olódùmarè àti Ìrèké Oníbùdó, tí méjèèjì jáde ní 1949, kún un. Nígbà tí Wọlé Ṣóyínká, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìsarà, túmọ̀ Ògbójú Ọdẹ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1968, ńṣe ni ó dà bí ẹni pé ará ilé ẹni ni ó mú ọmọ ẹni lọ sí òkè òkun. Nígbà tí a sì fi Langbodo, eré tí Wálé Ògúnyẹmí kọ láti inú ìwé kan náà, ṣojú Nàìjíríà níbi àjọ̀dún FESTAC ní Èkó ní 1977, Bàbá Tíṣà ń sọ ọ́ kiri bí ẹni pé òun ni ó kọ ọ́.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó ń dá ìjà sílẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì náà: ta ni ó borí, nígbà tí Àkàrà-oògùn pàdé Àgbákò nínú igbó? Ẹni tí ó bá ti ka ìwé náà kò lè gbàgbé Àgbákò, abàmì ẹ̀dá tí ó dé fìlà irin, tí ojú mẹ́rìndínlógún sì yí orí rẹ̀ ká.

Bàbá Aránṣọ ní Àkàrà-oògùn ni ó ṣẹ́gun, kò sì sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ó ní òkú kì í pìtàn. Bí Àgbákò bá ti borí, ta ni ì bá sọ ọ́ fún ẹni tí ó kọ ìwé?

Bàbá Tíṣà a ṣe ojú rẹ̀ bí ìgbà tí ó wà ní iwájú pátákó ìkọ̀wé. Ó ní, "Ọ̀tá tí kò kú, tí kò sá, tí kò sì túúbá, báwo ni a ṣe ṣẹ́gun rẹ̀? Ẹnu Àkàrà-oògùn fúnra rẹ̀ ni a ti gbọ́ ìtàn náà. Ọkùnrin yìí kì í ṣe onítìjú. Bí ó bá ṣe ohun ńlá, ó ń sọ ọ́. Bí òun fúnra rẹ̀ kò bá sọ pé òun pa Àgbákò, àwa ta ni tí a ó fi bá a pa á?"

Ọ̀dọ́mọkùnrin mẹkáníìkì kan, tí ó ka ìwé náà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, máa ń wá jókòó tì wọ́n bí iṣẹ́ bá dá. Tirẹ̀ ni pé àwọn àgbà méjèèjì kò mọ ẹni tí à ń pè ní alágbára. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí Kàkó Oníkùmọ̀ Ẹkùn ni ó pàdé rẹ̀, ká wá wo ibi tí Àgbákò yóò gbà. Kùmọ̀ kan péré ni!"

Báyìí ni wọ́n ṣe ń jiyàn. Ṣùgbọ́n Bàbá Tíṣà ṣàkíyèsí pé bí oṣù ti ń gorí oṣù ni ìtàn Bàbá Aránṣọ ń yí padà. Ní ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀, ó ní Àgbákò sá lọ ni. Nígbà tí òjò kọ́kọ́ rọ̀, ó ní Àkàrà-oògùn gé apá rẹ̀ kan. Nígbà tí òjò wá fẹsẹ̀ múlẹ̀, ó ti di pé Àkàrà-oògùn fọ́ ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún lọ́kọ̀ọ̀kan kí ó tó bẹ́ ẹ lórí. Bí ó bá sì ń ka ojú wọ̀nyí tí wọ́n ń fọ́, ohùn rẹ̀ a máa gbọ̀n.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, Bàbá Tíṣà mú ògbólógbòó ìwé rẹ̀ wá láti ilé, tí ó fi bébà dì. Ó gbé e lé ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ níwájú gbogbo ènìyàn. Ó ní, "Kà á. Ibi tí o bá ti rí i pé ó bẹ́ ẹ lórí, fi ìka rẹ lé e."

Bàbá Aránṣọ gba ìwé náà. Ó ṣí i, ó gbé e jìnnà sí ojú díẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kà. Kò kọsẹ̀ rárá. Ohùn rẹ̀ já gaara bí ti olùkọ́ tí ó kọ́ wọn ní kékeré: ó ka bí Àgbákò ṣe yọ, ó ka fìlà irin, ó ka ojú mẹ́rìndínlógún, títí ó fi dé orí tí a bẹ́. Bàbá Tíṣà nawọ́ ọrùn wò ó láti èjìká rẹ̀.

Ó ní, "Kò sí ohun tí ó jọ ọ́ níbẹ̀. Ojú ìwé tí o ṣí yìí, kò sí Àgbákò níbẹ̀ rárá. Irọ́ ni o ń kà fún wa!"

Mẹkáníìkì bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Aránṣọ pa ìwé náà dé mọ́ ìka rẹ̀, kò sì dáhùn. Ìyá Olóbì ti dìde. Ó fi obì rẹ̀ sílẹ̀, ó sọdá títì, ó sì rọra fa ìwé náà yọ lọ́wọ́ bàbá náà, ní ojú ibi tí ìka rẹ̀ wà. Ó wo ojú ìwé náà fún ìgbà díẹ̀. Ibi tí a ti sọ̀rọ̀ Kàkó àti obìnrin tí ó fẹ́ fi ṣe aya ni. Àwọn tí ó ka ìwé náà mọ̀ ọ́n: nígbà tí àwọn ọdẹ ń pe Kàkó sí ìrìn-àjò Òkè Láńgbòdó, obìnrin náà dì mọ́ ọn pé kò gbọdọ̀ lọ, Kàkó sì pa á, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ìyá Olóbì ní, "Láti ìgbà tí ẹ ti ń jiyàn, ojú Àgbákò ni ẹ ń kà. Ta ni nínú yín tí ó rántí obìnrin yìí rí?"

Mẹkáníìkì ní, "Ìyá, ẹ má bínú, ọ̀nà ni ó ń dí mọ́ ọn."

Ìyá náà ní, "Kò dí i lọ́nà, ọmọ mi. Ó dì í mú ni. Ẹni tí ó fẹ́ràn ẹni ní í di ni mú." Lẹ́yìn náà ó kọjú sí onílé, ó sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Bàbá Aránṣọ, ìyàwó yín ti dì yín mú láti èṣí. Ó ní kí ẹ jẹ́ kí ẹ jọ lọ sí ọsibítù. Kí ni ẹ fi dá a lóhùn?"

Ìsọ̀ dákẹ́. Bàbá Tíṣà wo ìwé, ó wo ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì wá yé e: ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò purọ́ láti inú ìwé, kò rí ìwé náà ni. Ó wá rántí pé ó ti pẹ́ tí ọmọ-iṣẹ́ ni ó ń fi òwú sí abẹ́rẹ́ ní ìsọ̀ náà. Ó rántí ọjọ́ tí Bàbá Aránṣọ fi ara kọlu ọmọ kékeré kan tí ó dúró ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an, tí gbogbo wọn sì fi ṣe ẹ̀rín.

Bàbá Aránṣọ wá sọ̀rọ̀. Ó ní ẹ̀gbẹ́ ayé ni ó kọ́kọ́ ṣú, àárín mọ́lẹ̀ síbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ náà sì ń sún mọ́ àárín díẹ̀díẹ̀. Kò dun òun, òun sì rò pé ọjọ́ orí ni. Ó ní, "Nígbà tí ìyàwó mi ń sọ ọ́, mo ní kí ó má sọ mí di aláìlera. Mo rò pé ọjọ́ tí mo bá sọ ọ́ jáde lẹ́nu ni ìsọ̀ yìí parí. Aránṣọ tí kò ríran, kí ni a ń pè é?"

Kò sí ẹni tí ó dáhùn. Mẹkáníìkì tí ó ń rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀ ti tẹ orí mọ́lẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé, òun, ìyàwó rẹ̀ àti Bàbá Tíṣà lọ sí ilé ìwòsàn ńlá tí a ti ń kọ́ àwọn oníṣègùn ní Ṣágámù. Lẹ́yìn àyẹ̀wò, dókítà ṣàlàyé fún wọn pé àrùn kan ni, tí ìfúnpá inú ojú sábà máa ń fà, tí ó sì ń ba iṣan tí ń gbé ìríran lọ sí ọpọlọ jẹ́. Kì í sábà dun ni. Ẹ̀gbẹ́ ni ó sì sábà ń kọ́kọ́ mú, nítorí náà ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í tètè fura. Èyí tí ó ti lọ kò ní padà mọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá ń kán oògùn sí i lójoojúmọ́, tí a kò sì pa ọjọ́ àyẹ̀wò jẹ, ó ṣeé ṣe kí a dá èyí tí ó kù sí.

Bàbá Aránṣọ béèrè pé, "Dókítà, ṣé a ó ṣẹ́gun rẹ̀?"

Dókítà ní, "Bàbá, kò ní kúrò lára yín. Ṣùgbọ́n a ó máa bá a jà, kí ó má baà gbà ju èyí tí ó ti gbà lọ."

Wọ́n ti rìn jìnnà díẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Bàbá Aránṣọ ni ó kọ́kọ́ lanu. Ó ní, "Tíṣà, o jàre. Àkàrà-oògùn kò pa Àgbákò."

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ dáhùn pé, "Ìwọ náà jàre. Àgbákò kò pa Àkàrà-oògùn. Mo gbé ìjà náà lé ìwọ̀n bí ẹni ń ṣe ìṣirò, mo ní ọ̀tá tí kò kú, a kò ṣẹ́gun rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà dàgbà. Ó di arúgbó, ó rìn lọ sí ilé ẹni tí ó mọ ìwé kọ, ó ní kí ó mú gègé àti tákàdá, ó sì sọ gbogbo rẹ̀. Èmi kò fi èyíinì kún un rí."

Ìyàwó Bàbá Aránṣọ tí ń bọ̀ lẹ́yìn wọn ní, "Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ wo ilẹ̀ o, kòtò wà níwájú." Ó sì di ọkọ rẹ̀ lápá mú. Lọ́tẹ̀ yìí, kò já ara rẹ̀ gbà.

Ìsọ̀ náà kò parí. Ọmọ-iṣẹ́ ni ó ń rán aṣọ tí ojú rẹ̀ kéré. Bàbá Aránṣọ ń fi ọwọ́ wọn aṣọ, ó sì ń gé e, nítorí àárín ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ síbẹ̀. Ìwé Bàbá Tíṣà kò padà sílé mọ́. Orí tábìlì náà ni ó wà, mẹkáníìkì ni ó sì ń kà á sókè ní ìrọ̀lẹ́, tí àwọn àgbà ń tún àmì ohùn ṣe fún un bí ó bá ṣì í pè. Iyàn kò tán; wọ́n ti kúrò lórí Àgbákò, ó ti di bóyá Olówó-ayé lágbára ju Àkàrà-oògùn ọmọ rẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n bí agogo bá ti lu mẹ́fà, ìyàwó Bàbá Aránṣọ a wọlé pẹ̀lú ìgò oògùn kékeré lọ́wọ́. Iyàn a dúró ná. Bàbá náà a gbé ojú sókè, ìyá náà a fi ọwọ́ kan di iwájú orí rẹ̀ mú, a sì kán an sí i, ẹ̀kán kan sí ojú ọ̀tún, ẹ̀kán kan sí ti òsì. Lẹ́yìn náà ni mẹkáníìkì yóò tó máa ka ìwé rẹ̀ lọ.