Nígbà tí à ń dẹ ìmìtìtì ilẹ̀

Ẹrẹ̀ Òde Mahin ni mo ti kọ́kọ́ rí gíófóònù, lọ́wọ́ àwọn tó ń wá epo rọ̀bì. Àwa ọ̀dọ́ là ń bá wọn fi ìdí rẹ̀ tó mú ṣóńṣó gún ilẹ̀, a ó so ó mọ́ wáyà tó gba inú igbó ẹ̀gbà lọ. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mira mọ́. Wọn á yin dáínámáìtì, omi á ta sókè. Òòfà àti wáyà kọ́pà tí wọ́n gbé kọ́ sórí sípíríǹgì ló wà nínú gíófóònù: bí ilẹ̀ bá mì, ọ̀kan á lọ, èkejì á fà sẹ́yìn, iná díẹ̀ á sì jáde.

Nígbà tí ilẹ̀ mì ní Ìjẹ̀bú-Òde ní ọjọ́ 28 oṣù Keje, 1984, mo ti di òṣìṣẹ́ yàrá ẹ̀rọ ní yunifásítì kan. Ọ̀gá wa ní a ó ṣe ẹ̀rọ tí yóò máa gba irú rẹ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Àwọn elépo mọ ìgbà tí wọ́n máa yin nǹkan wọn; ìmìtìtì kì í dájọ́.

Bí ẹ̀rọ bá ń kọ tọ̀sántòru, bébà á tán, kò sì sówó (ayé SAP tí ìjọba ń ṣúnwó ná ni o). A wá ṣe é kí bébà má yí àfi bí ilẹ̀ bá mì. Kàkà kó sàn! Ìgbì àkọ́kọ́ ìmìtìtì ló ń jí i, kí bébà sì tó yí, ìgbì náà ti lọ. Bẹ́ẹ̀, àlàfo àárín ìgbì àkọ́kọ́ àti èkejì ni wọ́n fi ń mọ bí ibi tí ilẹ̀ ti mì ṣe jìnnà tó: ìṣẹ́jú àáyá kan, bíi kìlómítà 8. Kọ̀ǹpútà ló yọ wá. Ó ń rántí ìwọ̀nba tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá, ó ń pa ti àtijọ́ rẹ́. Bí mìmì bá ṣàdédé le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, á tọ́jú rẹ̀ tòun ti èyí tó ṣáájú.

Àwọn tó ń gúnyán lẹ́yìn ilé ló fojú wa rí màbo. Lálaalẹ́ ni ẹ̀rọ ń jí: gbì, gbì, gbì! Ọ̀gá ní ká gbé òmíràn sí ọ̀nà jíjìn. Bí méjèèjì bá jọ jí, a jẹ́ pé ilẹ̀ ló mì.

Mo ní ká gbé e lọ sí Òde Mahin. Ó rẹ́rìn-ín. Òkun ń mi ẹrẹ̀ yín lójoojúmọ́, ó ní, orí àpáta la ń wá. Lónìí ìjọba ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní Ifẹ̀, ní Nsukka, ní Kàdúná, àti ní Toro ní Bauchi tí ọ́fíìsì àwọn tó ń bójú tó wọn wà. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ rírọ̀ ló ń mì jù bí ìmìtìtì bá dé. Ó ṣì wù mí kí wọ́n gbé ọ̀kan wá fún wa, èyí tí etí rẹ̀ di díẹ̀, tí kò ní ka ìgbì òkun sí, àmọ́ tí yóò jí bí irú èyí tó wó ilé ní Accra ní 1939 bá yà sọ́dọ̀ wa.